Ta Ni Yóò San Owó Ọkọ̀ Amọ̀nà? Ọ̀rọ̀ DTA àti Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìjọba Tó Jẹ́ Àkàndá Ẹ̀dá

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí. Bí ìjọba bá ní kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan tí kò ríran lọ sí Abuja fún ìpàdé ọjọ́ mẹ́ta, tí ẹni náà kò sì lè dá lọ láìsí ẹni tí yóò mú un lọ́wọ́, ta ni yóò san owó ọkọ̀ ẹni tó mú un lọ́wọ́ yẹn? Ta ni yóò san owó ibi tó máa sùn? Kí ni yóò jẹ?

Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹlòmíì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó epo. Ṣùgbọ́n inú irú ọ̀rọ̀ kékeré báyìí la ti máa ń mọ̀ bóyá òfin wà fún ìwúlò ni àbí fún fọ́tò yíyà. Oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìyà jẹ àwọn àkàndá ẹ̀dá tàbí kó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ fún òfin yẹn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Nígbà tó jáde, inú dùn. Ọ̀rọ̀ tó kù báyìí ni pé, báwo ni òfin ṣe ń dé orí tábìlì akàǹtáǹtì tó ń kọ owó ìrìnàjò?

Bí owó ìrìnàjò ìjọba ṣe rí

Fún ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ ìjọba rí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín díẹ̀. Bí wọ́n bá rán òṣìṣẹ́ níṣẹ́ kúrò nílùú tó ti ń ṣiṣẹ́, tó sì máa sùn síbẹ̀, owó kan wà tí wọ́n ń pè ní DTA. Alẹ́ ni wọ́n fi ń ka owó yìí: alẹ́ kan, iye kan. Inú ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ti máa san òtẹ́ẹ̀lì, inú ẹ̀ náà ló ti máa jẹun.

Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí owó oṣù àti àjẹmọ́nú, ìyẹn National Salaries, Incomes and Wages Commission, ló máa ń gbé iye rẹ̀ jáde. Lọ́dún 2022, wọ́n ṣe àtúnṣe ńlá sí i, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ló sì bẹ̀rẹ̀. Iye tí wọ́n kéde nìyí: òṣìṣẹ́ tó wà ní ipele 1 sí 4 yóò gba 10,000 náírà fún alẹ́ kan. Ipele 5 àti 6, 15,000. Ipele 7 sí 10, 17,500. Ipele 12 àti 13, 20,000. Ipele 14 àti 15, 25,000. Ipele 16 àti 17, 37,500. Mínísítà ní tirẹ̀, 80,000 náírà.

Ṣé ẹ rí ohun tí wọ́n fi pín owó yẹn? Ipò ni. Bó o ṣe ga tó nínú iṣẹ́ ni owó tìẹ náà ṣe máa ga tó. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ìjọba ṣe ń rí níbi púpọ̀. Àmọ́ nínú iye tí wọ́n kéde yẹn, ìlà ipò ló kún ibẹ̀. Kò sí ìlà amọ̀nà. Kò sí ìlà ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́. Kò sí ìlà ògbufọ̀ tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ fún adití. Ẹni tó ṣe ìṣirò náà ní èèyàn kan lọ́kàn, ẹni tó lè gbé báàgì rẹ̀ dání, kó bọ́ sínú ọkọ̀, kó gun àtẹ̀gùn òtẹ́ẹ̀lì, kó ka nọ́ńbà tó wà lára ilẹ̀kùn, kó sì sùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò

Ká sọ pé obìnrin kan wà ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kan ní Ìkọ́lábà, n'Ìbàdàn. Ipele 8 ló wà. Ojú rẹ̀ kò ríran, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni mowó. Wọ́n ní kó wá sí Abuja fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, alẹ́ méjì. DTA rẹ̀ jẹ́ 35,000 náírà. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ríran, ipele 8 kan náà, 35,000 náírà.

Ká ní yàrá tó mọ́ níwọ̀nba tí àwọn méjèèjì rí jẹ́ 15,000 fún alẹ́ kan. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò san 15,000, yóò ku 2,500 lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò fi jẹun. Kò pọ̀, àmọ́ á gbà á. Obìnrin wa yìí ńkọ́? Bí àbúrò rẹ̀ obìnrin ló mú un lọ́wọ́ wá, tí wọ́n jọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan, 2,500 yẹn ni àwọn méjèèjì máa pín jẹ. 1,250 kan, 1,250 kan, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Bí ẹni tó rí tó lè bá a lọ bá jẹ́ ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Yàrá méjì nìyẹn, 30,000 lálẹ́ kan ṣoṣo, nígbà tí owó tí ìjọba fún un lálẹ́ yẹn jẹ́ 17,500. Wọn ò tíì jẹun o. Owó ọkọ̀ amọ̀nà láti Ìbàdàn dé Abuja, àlọ àti àbọ̀, a ò tíì kà á mọ́ ọn. Inú owó oṣù ara rẹ̀ ni yóò ti san án.

Ẹ má sì gbàgbé ìgbà tí wọ́n ṣètò iye yẹn. Nígbà tí iye 2022 jáde, lítà epo bẹntiróòlù kan kò tíì tó 200 náírà ní iye ìjọba. Lẹ́yìn tí Ààrẹ Bola Tinubu kéde lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò tó oṣù méjì tó fi di 617 náírà l'Abuja. Gbogbo òṣìṣẹ́ ni ìyẹn dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń san owó ọkọ̀ ẹni méjì, ẹ̀ẹ̀mejì ló dùn ún.

Nǹkan kan tún wà tí a kì í sọ. Ta gan-an ló máa ń jẹ́ amọ̀nà yìí? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ ni. Tàbí àbúrò tí kò tíì rí iṣẹ́. Tàbí ìyàwó tó ní láti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ tó yẹ kó wà ní kíláàsì ló ń mú bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ kiri Abuja, tí ìjọba ń rí i, tí ìjọba ń kí i pé "ọmọ dáadáa ni ẹ́". Ọmọ dáadáa ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe yẹn, kò sì gba kọ́bọ̀.

Kì í ṣe ojú nìkan

Mo fi ẹni tí kò ríran ṣe àpẹẹrẹ torí pé òun ló rọrùn láti rí. Ti ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ akàndá tún yàtọ̀. Ó lè dá jẹun, ó lè dá sùn, àmọ́ ọkọ̀ èrò tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ kò gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Yóò san owó ìjókòó méjì kí wọ́n tó gbà kó ká kẹ̀kẹ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí kó háyà ọkọ̀ kan lódindi. Bó bá dé òtẹ́ẹ̀lì tí kò wọ́nwó, àtẹ̀gùn ló máa bá lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ kò fẹ̀ tó kẹ̀kẹ́. Òtẹ́ẹ̀lì tó ní ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀, ilé olówó ni, DTA ipele 8 kò sì lè dé ẹnu géètì ibẹ̀.

Ti adití ńkọ́? Òun lè dá wọ ọkọ̀, ó lè dá sùn. Ṣùgbọ́n bó bá jókòó sínú gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láti aago mẹ́sàn-án dé aago mẹ́rin, tí kò sí ògbufọ̀, kí ló wá ṣe? Ó wá kọ orúkọ sínú ìwé ni, ó sì gba báàgì tí wọ́n pín. Wọ́n ná owó lórí rẹ̀, kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe pé ká kàn fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún lé owó gbogbo àkàndá ẹ̀dá? Ohun tí ẹnì kan nílò kọ́ ni èkejì nílò. Ìdí nìyẹn tí ìpín ipò nìkan kò fi lè yanjú ẹ̀.

Àánú tó ń pa iṣẹ́ èèyàn

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ níbi tí kò ti sí ètò? Ọ̀gá ẹ̀ka yóò wo orúkọ àwọn tó fẹ́ rán lọ. Yóò dé orí orúkọ obìnrin wa, yóò mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó sinmi jàre, wàhálà ọ̀nà á pọ̀ fún un." Kò ní ìkórìíra lọ́kàn o. Àánú ló ṣe é. Ṣùgbọ́n àánú yẹn, bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ wo ibi tó máa já sí.

Nínú iṣẹ́ ìjọba, ìrìnàjò kì í ṣe ìgbádùn lásán. Ibẹ̀ ni èèyàn ti ń kọ́ iṣẹ́ tuntun. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀gá láti Abuja ti ń mọ orúkọ rẹ. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún ẹ níbẹ̀ máa wọ fáìlì rẹ. Bí ọjọ́ ìgbéga bá dé, fáìlì ni wọ́n máa ṣí. Ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kún fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà, tirẹ̀ ní ẹyọ kan. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé nítorí ojú rẹ̀ ni. Wọ́n á ní ìrírí rẹ̀ kò tó. Bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ṣe ń pẹ́ lórí ipele kan títí tó fi máa fẹ̀yìn tì.

Owó ọkọ̀ amọ̀nà tí a pè ní ọ̀rọ̀ kékeré lókè, òun ló di owó oṣù tí kò gòkè yìí, òun náà ló sì máa di owó ìfẹ̀yìntì tí kò tó nǹkan, torí pé inú owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ ìdá tó ń wọ àpò ìfẹ̀yìntì.

Kí ni òfin wí?

Òfin 2019 yẹn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Discrimination Against Persons with Disabilities (Prohibition) Act, 2018, ní ẹ̀kọ́ púpọ̀ nínú. Abala 28 sọ pé àkàndá ẹ̀dá ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ bí àwọn yòókù ṣe ń ṣiṣẹ́. Abala 29 sọ pé kí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba rí i pé, bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, ó kéré tán ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ àkàndá ẹ̀dá. Ẹ ṣàkíyèsí gbólóhùn "bó bá ti lè ṣeé ṣe tó" yẹn. Ẹnu ọ̀nà ńlá ni fún ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe é.

Lórí ìrìnàjò, abala 14 sọ fún àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú pé kí wọ́n ní kẹ̀kẹ́ tó dára fún àwọn tó nílò rẹ̀, kí wọ́n ran àkàndá ẹ̀dá lọ́wọ́ láti wọkọ̀ àti láti sọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wọlé. Abala 6 fún gbogbo ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe kí kẹ̀kẹ́ lè wọlé. Ọdún márùn-ún yẹn pé ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ẹ fẹsẹ̀ rìn dé sẹkitéríàtì ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ ka àtẹ̀gùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wá a títí, ẹ ò ní rí abala tó dárúkọ DTA tàbí owó amọ̀nà. Òfin sọ pé kí ọkọ̀ òfurufú gbà ẹ́, kò sọ ẹni tó máa ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá ẹ wá. Ó sọ pé kí wọ́n gbà ẹ́ síṣẹ́, kò sọ bó o ṣe máa ṣe é bí iṣẹ́ bá kọjá ẹnu géètì.

Àlàfo yẹn, ìwé àdéhùn àgbáyé kan wà tó lè dí i. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá lọ́dún 2007, a sì fi òǹtẹ̀ lù ú lọ́dún 2010. Abala 27 rẹ̀ sọ pé kí ìjọba rí i pé wọ́n ń ṣe àtúnṣe tó yẹ fún àkàndá ẹ̀dá níbi iṣẹ́. Abala 2 tún ṣàlàyé pé bí wọ́n bá kọ̀ láti ṣe àtúnṣe tó yẹ, ìyàsọ́tọ̀ ni. Àmọ́ abala 12 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ pé àdéhùn pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn kò ní agbára òfin níbí àfi bí àwọn aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Nítorí náà, kí òṣìṣẹ́ kan tó fi àdéhùn yẹn jà nílé ẹjọ́ nítorí 35,000 náírà, irun á ti funfun lórí rẹ̀. Kì í ṣe ilé ẹjọ́ ló yẹ kí èyí ti yanjú. Orí tábìlì ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà

Ẹ ó rántí oṣù kẹta ọdún 2024. Adebola Daniel, ọmọ gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn tẹ́lẹ̀, Gbenga Daniel, tó ń lo kẹ̀kẹ́ akàndá, sọ pé wọn ò jẹ́ kí òun wọ ilé oúnjẹ kan ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed torí kẹ̀kẹ́ òun. Ọ̀rọ̀ náà gba orí ayélujára kan. Lọ́jọ́ kejì, àjọ tó ń bójú tó pápákọ̀ òfurufú ti ilé oúnjẹ náà pa.

Inú mi dùn sí ohun tí àjọ yẹn ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: bó bá jẹ́ akọ̀wé ipele 6 láti Adó-Èkìtì ni wọ́n dá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ta ló máa gbọ́? Ẹni tó lórúkọ, tó lẹ́nu, ló jẹ́ kí òfin jí lọ́jọ́ yẹn. Ètò tó dára ni èyí tí kò nílò orúkọ bàbá ẹnikẹ́ni kó tó ṣiṣẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é l'Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba

Ẹlòmíì á ní, "Níbo ni wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀?" Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo Amẹ́ríkà. Ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ ní ìwé òfin ìrìnàjò kan fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, General Services Administration ló ń bójú tó o. Odindi apá kan nínú rẹ̀, apá 301-13, wà fún òṣìṣẹ́ tó ní àìlera tàbí ìnílò pàtàkì. Ohun tó sọ pé iléeṣẹ́ ìjọba lè san nìyí: owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ òun ibùsùn ẹbí tàbí olùrànlọ́wọ́ tó gbọ́dọ̀ bá òṣìṣẹ́ náà lọ kí ìrìnàjò tó lè ṣeé ṣe, owó ọkọ̀ àkànṣe, owó tí wọ́n ń gbà láti gbé ẹrù tí kò lè dá gbé, owó háyà kẹ̀kẹ́ akàndá tàbí owó gbígbé e, kódà ìjókòó tó wọ́n jù nínú ọkọ̀ òfurufú bí ara rẹ̀ kò bá gba ìjókòó kékeré.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe dí ọ̀nà jìbìtì. Ìwé òfin náà sọ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé àìlera náà hàn kedere sí ojú, tàbí kí dókítà kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tó ní àṣẹ láti fọwọ́ sí i sì gbọ́dọ̀ gbà pé owó náà ṣe dandan. Gbólóhùn díẹ̀ péré ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, lọ́dún 2017, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọgbọọgba níbi iṣẹ́ níbẹ̀, EEOC, gbé ìlànà kan jáde tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2018. Ó ní kí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ pèsè olùrànlọ́wọ́ fún òṣìṣẹ́ tí àìlera rẹ̀ le, ẹni tí yóò máa bá a wọṣọ, tí yóò bá a jẹun, tí yóò mú un lọ ilé ìyàgbẹ́, lákòókò iṣẹ́ àti nígbà ìrìnàjò iṣẹ́. Mi ò ní kí ẹ lọ rò pé ọ̀run ni ibẹ̀ o. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ béèrè, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Àmọ́ ìlà ibẹ̀ wà tó lè fìka tọ́ka sí.

Ní Ìlú Ọba, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, òfin Equality Act ọdún 2010 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ ṣe àtúnṣe tó yẹ fún àkàndá ẹ̀dá, kò sì gbọ́dọ̀ sọ pé kí àkàndá ẹ̀dá náà san owó àtúnṣe yẹn. Àpò kan tún wà tí ìjọba fi ń ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ lórí owó ọkọ̀ àti olùrànlọ́wọ́, wọ́n ń pè é ní Access to Work. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé àwọn iléeṣẹ́ mínísítà kò lè gbára lé àpò yẹn fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Àpò ara wọn ni kí wọ́n ti san án. Ìjọba kò gbọ́dọ̀ ti ẹrù òṣìṣẹ́ rẹ̀ sórí ẹlòmíì.

"Owó dà?"

Mo ti ń gbọ́ ohùn yín. Àkọ́kọ́, "Owó dà?" Ẹ jẹ́ ká padà sí ìṣirò wa. Bí ìjọba bá pinnu pé kí amọ̀nà máa gba iye tí òṣìṣẹ́ tó kéré jù ń gbà, ìyẹn ipele 1 sí 4, 10,000 náírà ni lálẹ́ kan nínú iye 2022. Alẹ́ méjì, 20,000. Alẹ́ kan ṣoṣo tí mínísítà kan sùn níta, 80,000, ó tó amọ̀nà lálẹ́ mẹ́jọ. Àwọn àkàndá ẹ̀dá tó wà nínú iṣẹ́ ìjọba, tí iṣẹ́ wọn mú ìrìnàjò dání, tí wọ́n sì nílò amọ̀nà, mélòó ni wọ́n? Wọn ò pọ̀ débi tí wọ́n máa ba ìṣúná jẹ́.

Èkejì, "Àwọn èèyàn á fi ṣe jìbìtì. Wọ́n á kó ọ̀rẹ́bìnrin dání lọ sí Abuja." Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n a ò torí olè ká má kọ́lé. Kí orúkọ amọ̀nà kan tàbí méjì wà nínú fáìlì òṣìṣẹ́ náà, pẹ̀lú fọ́tò. Kí ìwé dókítà wà níbẹ̀ fún àìlera tí kò hàn sójú. Kí wọ́n fi orúkọ ẹni tó bá a lọ sórí ìwé ìrìnàjò. Jìbìtì tó wà nínú ìrìnàjò àwọn tó ríran, tó ń rìn, ṣé a torí ẹ̀ fagi lé DTA?

Ẹ̀kẹta, "Kí wọ́n máa ṣe tiwọn lórí Zoom." Ó dáa fún ìpàdé wákàtí kan, ó sì dáa bó bá jẹ́ pé gbogbo èèyàn ló wà lórí Zoom. Bí àwọn yòókù bá wà nínú gbọ̀ngàn l'Abuja tí ìwọ nìkan wà lójú fóònù n'Ìbàdàn, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, ìwọ kọ́ ni wọ́n ń bá ṣèpàdé.

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀

Èkíní, kí àjọ tó ń gbé iye DTA jáde fi ìlà kan kún un: olùrànlọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá, iye báyìí fún alẹ́ kan, pẹ̀lú owó ọkọ̀. Sákúlà ojú ìwé kan ni. Kò nílò kí àwọn aṣòfin tún jókòó.

Èkejì, kí owó náà wá ṣáájú ìrìnàjò. Gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ló mọ bó ṣe ń rí bí wọ́n bá ní "lọ ná, wá gba claims tó o bá dé." Ẹni tó ń ná owó ẹni méjì kò lè máa yá ìjọba lówó. Bí owó kò bá sí nílẹ̀ fún amọ̀nà, ìrìnàjò kò tíì pé, ẹ má fọwọ́ sí i.

Ẹ̀kẹta, kí ìbéèrè kan wà lórí gbogbo ìwé ìpè sí ìpàdé: "Kí ni ẹ nílò kí ẹ tó lè wá?" Ẹni tó pe ìpàdé ni kó wá ògbufọ̀ fún adití, kó sì san án lówó, bó ṣe ń san owó gbọ̀ngàn. Òun náà ni kó lọ wo òtẹ́ẹ̀lì kí ọjọ́ tó pé, bóyá kẹ̀kẹ́ lè wọ ilé ìwẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó wà fún àwọn àkàndá ẹ̀dá, èyí tí òfin 2019 dá sílẹ̀, lágbára láti gba ẹ̀sùn. Kí wọ́n má dúró de ẹ̀sùn lórí èyí. Ẹni tó wà lábẹ́ ọ̀gá kì í fẹ́ kọ ìwé ẹ̀sùn nítorí owó òtẹ́ẹ̀lì. Kí àjọ náà fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pé: lọ́dún tó kọjá, àwọn àkàndá ẹ̀dá mélòó lẹ rán lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́? Iye yẹn nìkan máa sọ̀rọ̀.

Àwọn ìpínlẹ̀ wa náà ńkọ́?

Ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru Abuja. Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2011, ó sì ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá, LASODA, kí ìjọba àpapọ̀ tó jí. Ìyẹn fi hàn pé ìpínlẹ̀ kò ní láti dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ sì wo ìrìnàjò kan tí ìpínlẹ̀ máa ń pe òṣìṣẹ́ sí láìsan kọ́bọ̀: àyẹ̀wò òṣìṣẹ́, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí screening. Wọ́n á ní kí tíṣà láti abúlé wá sí olú ìlú, kó gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá, kó tò sórí ìlà. Ẹni tí kò bá wá, orúkọ rẹ̀ lè jáde kúrò nínú ìwé owó oṣù. Tíṣà tó ń fi ọ̀pá rìn, tíṣà tí kò ríran, àwọn náà á wá. Wọ́n á háyà ọ̀kadà, wọ́n á mú ọmọ dání, wọ́n á jókòó sórí kọnkéré láti àárọ̀. Ó yẹ kó jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò ló máa lọ bá irú wọn ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tó sún mọ́ wọn jù. Ọkọ̀ kan, òṣìṣẹ́ méjì, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan: kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, NLC àti TUC, ẹ ti jà fún owó oṣù tó kéré jù, ó sì di 70,000 náírà lọ́dún 2024. A kí yín. Nígbà tí ẹ bá tún jókòó pẹ̀lú ìjọba lórí àjẹmọ́nú, ẹ gbé ìlà amọ̀nà yìí dání. Àwọn tó nílò rẹ̀ kò pọ̀ tó láti dá ìyanṣẹ́lódì sílẹ̀, ìdí nìyẹn gan-an tí ẹ fi gbọ́dọ̀ bá wọn sọ ọ́.

Ìjọba ló gba àwọn èèyàn yìí síṣẹ́, tó mọ̀ pé ojú wọn kò ríran, tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ wọn kò ṣiṣẹ́, tó sì ya fọ́tò pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gba ìwé iṣẹ́. Ẹni tó bá ránṣẹ́ pe èèyàn, tó sì mọ̀ pé kò lè dá wá, owó ọkọ̀ ẹni méjì ló yẹ kó fi ránṣẹ́.